Ọwọ́ Tó Pa Okùn Jìtá Bàbá Lẹ́nu Mọ́

Bàbá mi, kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ìdáhùn tí mo jẹ yín. Ẹ bi mí bóyá jìtá yín ṣì wà lódidi. Ó wà. Okùn rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Èmi ni mo fi ẹnu ba nǹkan jẹ́.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo kí àwọn àbúrò mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Kí Tíṣà ka lẹ́tà yìí sókè lójú gbogbo yín. Mo ti lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níbí, torí ojú ìjọ ni mo ti fẹ̀sùn kan ọmọ ẹlòmíì.

Láti ìgbà tí àwọn sójà ti ti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ pa, aṣọ tuntun kò wọ Àgbádárìgì mọ́. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àwọn tíṣà ni mo ń tú, tí mo ń yí ojú tó gbó sínú. Ọṣẹ pàápàá, à ń tò fún un. Atẹ́gùn òkun ń jẹ irin máṣíìnì mi, àárò yín ń jẹ èmi náà. Bí wọ́n bá ń sọ Ẹ̀gùn yí mi ká, mà á kàn máa rẹ́rìn-ín, mà á máa wo ojú wọn bóyá èmi ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ìka yín le tí ẹ gbé jìtá fún mi, ẹ ní kò gbọdọ̀ sùn sínú àpò. Mo bá fi yá Sẹ́wánù, tó ń fi ìka ta jìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ṣùgbọ́n mo so òwú pupa tín-ín-rín mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lókè kí n tó gbé e fún un. Okùn jìtá ti di àwátì, ẹ̀dá ò sì ṣeé fọkàn tán.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń múra orin ìkórè lójú ìjọ, mo jókòó sẹ́yìn. Jìtá tó máa ń dún gooro lọ́wọ́ yín, kẹ́kẹ́kẹ́ ló ń dún, bí ẹni ń kan pákó. Mo ní ọkùnrin yìí ti tú okùn yín tà, ó ti fi okùn ìwọ̀ àwọn apẹja dípò rẹ̀. Orin kò tíì parí tí mo fi já jìtá gbà. Òwú mi wà níbẹ̀. Mo ní ó tú u ni, ó tún un so. Mo pè é lólè. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí n rọra, ó ní bí télọ̀ bá di ọlọ́pàá, ta ni yóò rán kọ́là? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Sẹ́wánù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé orí okùn, nídìí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, ó ta á: kẹ́. Ó ní kí n gbé ọwọ́ kúrò, ó tún ta á: gooro! Ó ní ọwọ́ òsì náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìka bá tẹ okùn, á sọ̀rọ̀. Bí ìka bá dẹ̀ díẹ̀ láìkúrò lórí rẹ̀, á panu mọ́. Gooro, kẹ́kẹ́, gooro, kẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti ń jó kí n tó mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba ti dá onílù wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó ti kó lọ sábúlé, jìtá ló ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì.

Ló bá gbé jìtá lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó ní nílé àwọn, ẹni tí wọ́n bá tìtorí ohun kan pè lólè, olóhun nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ̀yin tí ẹ ni jìtá kò bá sọ̀rọ̀, a ó kọrin ìkórè gbẹrẹfu láìsí jìtá, èmi ni wọn yóò sì máa wò.

Síbẹ̀, Bàbá, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ṣé òógùn àtẹ́lẹwọ́ kì í jẹ okùn? Iyọ̀ òkun nìkan tó o. Mo sì rántí pé ní kékeré mi, bí àgbà ìjọ tó ń pe jìtá ní ohun ayé bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ nínú yàrá yín. Mo rò pé èkúté ni. Ẹ mọ ọ̀nà yìí tipẹ́! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Àbí ẹ̀ ń dán mi wò ni?

Ẹ kọ ọ́ pé ọwọ́ Sẹ́wánù mọ́. Èmi fúnra mi ni n ó kà á lójú ìjọ. Ọlọ́run á dẹ ìka yín lára, á fi yín sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá mi kí tilé-toko. Ọjọ́ Àìkú ni ìkórè; ẹ fi èsì rán dírẹ́bà tó mú èyí wá, yóò ti padà dé ṣáájú.

Èmi ni ọmọ yín, Abígẹ́ẹ̀lì, tí yóò ti dúró sí ibùdókọ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.