Ẹni Mẹ́ta Lára Ọ̀rá Búrẹ́dì

Ọmọ mi, mo ti lọ sídìí ààrò. Mi ò jí ọ, torí tí a bá sọ ọ́ lójúkojú, ẹkún la máa fi parí ẹ̀.

Obìnrin kan gbé búrẹ́dì wa padà wá sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Ó ní ayédèrú ni, pé àwòrán ẹni mẹ́ta ló wà lára ọ̀rá, ẹni méjì ló wà níbi tí a ti ń polówó ọjà lórí fóònù. Mo wo fóònù rẹ̀. Èmi rèé, ìwọ rèé, o ti yọ àbúrò rẹ kúrò láàárín wa. Mo ní tiwa ni méjèèjì.

Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ikú ti mú un lọ, o ò fẹ́ rí àwòrán rẹ̀. Ṣé èmi ló wá rọrùn fún ni? Àmọ́ bí a bá jẹ́ ọ̀tọ̀ lára ọ̀rá, tí a jẹ́ ọ̀tọ̀ lórí fóònù, oníbàárà ò ní fọkàn tán wa mọ́. Dá a padà sáàárín kó o tó jẹun, bó ṣe wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà wa.

Oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Mo tún ti sè é fún ẹni mẹ́ta.

Àìrí rẹ̀ nínú ilé yìí ti tó wa. Má fi ti orí fóònù kún un.