Ẹsẹ̀ Yín Lórí Maṣíìnì

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé ojú tó ń dùn yín náà ti fara rọ díẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Màmá mi sọ fún mi pé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín pa nítorí pé ẹ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àti pé ẹ ní ẹ ti di ẹni tí kò wúlò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí ẹgbẹ́ akọrin wa ti ṣẹ̀.

Nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lé wa kiri nítorí ariwo, ẹ̀yin lẹ ní, "Ẹ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lé oníbàárà mi sá, màá rán ẹnu ẹ̀ mọ́ kọ́là ẹ̀wù ẹ̀." Bí onílù wa ṣe tẹ́ àkísà sórí ìlù nìyẹn, tí ẹ sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, òun tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo jù nínú wa. Orin pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń yìn wá fún lónìí, ìbẹ̀rù yín ló bí i.

Ọjọ́ tí a gba orin àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, a gbàgbé láti sọ fún yín pé ẹ̀rọ ti ń gbohùn. Aṣọ ìyàwó kan ń kán yín lójú, ẹ sì tẹ maṣíìnì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n mi onígìtá káwọ́ lérí. A lọ tún un kọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ gidi, ni orin bá tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Jẹ́jẹ́ ń sáré, ó ń falẹ̀, òógùn bò ó. Nígbà tó yá ló ní, "Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ Àǹtí ni mo máa ń tẹ̀ lé."

Díẹ̀ ló kù ká tú ká. Kò sí ilé-iṣẹ́ olórin kankan lẹ́yìn wa, ara wa là ń dá ṣe. A kàn fi ti ṣọ́ọ̀bù yín ránṣẹ́ sí rédíò, tòun ti ìró maṣíìnì. Òun náà ni tọmọdé tàgbà ń kọ báyìí. Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹnu mi kò gba ọpẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a máa kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Maṣíìnì yín ti wà lórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Màmá mi ló fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú maṣíìnì náà, kò sí òwú. Ojú yín ló rẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti búra pé òun kò ní í lùlù àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ maṣíìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti da aṣọ bo ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú kò ní tì yín láé. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jẹun ọmọ.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
Olóhùn Abẹ́rẹ́, bí ẹ ṣe máa ń pè mí.

Mo tún rántí: ẹ má wọ bàtà tuntun wá o. Bàtà ilé yín àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀. Jẹ́jẹ́ ní ìró rẹ̀ ni òun mọ̀.