Ọjọ́ Tí Ìyáàgbà Kúrò Nílé Wa

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kẹta, 1991
Táyé, ìbejì mi, ṣubú níbi ìdíje alùpùpù. Pápá yanrìn ẹ̀yìn Bárúwà. Òun ló wà níwájú o! Ó fò kúrò lórí òkìtì kejì, imú alùpùpù dorí kodò, ó sì là á mọ́lẹ̀. Ìyáàgbà — alùpùpù wa — kò fara pa. Ó ṣì ń dún níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6
Dókítà ní egungun ẹ̀yìn ni. Mo di ẹsẹ̀ Táyé mú pinpin. Kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18
A ti padà sílé, Ìkọ̀tún. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi ṣá ń tún Ìyáàgbà ṣe lẹ́yìnkùlé — kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Fáàfù, irin tó ń ṣí tó ń pa dé lórí ẹ́ńjìnnì, ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́. Mo wọn àlàfo rẹ̀, mo tún un dè. Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń gun alùpùpù tú-sítírókù, tí tiwọn ń han bí ẹ̀fọn, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo. Fó-sítírókù tiwa ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú. Ó wúwo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú yanrìn jíjìn, níbi tí tiwọn ti ń kú, tiwa á máa fà lọ jẹ́jẹ́ — ta ni mò ń bá jà?
Táyé pè mí láti yàrá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Kẹ́hìndé, tà á."

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Màmá ní kí n ṣe bó ṣe wí. Mi ò lè ṣe é.

Àbámẹ́ta, 30
Ṣàíbù ará Òkè-Odò, tí òun àti Táyé jọ máa ń sáré ìdíje, wá gbé Ìyáàgbà tí mo wá gbà láti tà fún un. A gbé Táyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ṣàíbù fẹsẹ̀ gbá irin tó ń jí ẹ́ńjìnnì, gbá a, gbá a, òógùn bò ó. Ìyáàgbà kọ̀.
Ni Táyé bá pariwo: "Má yíwọ́ fún un níná! Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí á fi le lẹ́sẹ̀ rẹ — písítìn inú ẹ́ńjìnnì ti dókè nìyẹn. Fa irin kékeré ọwọ́ òsì, kó mí díẹ̀. Fi sílẹ̀. Ó yá, gbá a délẹ̀!"
Ó dún.
Ó tún ní: "Tó o bá dáwọ́ iná dúró, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á di taya ẹ̀yìn mú bíi bíréèkì. Má dán an wò lójú òfuurufú o, imú rẹ̀ á dorí kodò. Ohun tí mo ṣe nìyẹn."
Ṣàíbù bú sẹ́kún. Ó ní òun ò rà á mọ́.
Táyé ní: "Gùn ún lọ jàre."
Ó lọ. A gbọ́ ọ títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.
Mo pọn Táyé wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá mi nítan. Ẹkún rẹ̀ rin ọrùn mi — àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Màmá ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó wà lẹ́yìn mi díẹ̀ sí i.