Pínnì Etí Ìró Mi

Fúráídeè, 6 Jánúárì 1961
Oṣù kẹta rèé tí n kò rí nǹkan oṣù mi. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ fún — a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Èmi Mátà, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta! Mo fi pínnì kọ́ etí ìró mi kí n tó jáde sí oòrùn ọ̀sán, bí aláboyún ṣe ń ṣe. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ṣe é kẹ́yìn. Inú mi dùn bí ọmọge.

Mọ́ńdè, 9 Jánúárì
Baálé Odò — Jósẹ́ẹ̀fù ọkọ mi, tí odò ń rí jù mí lọ — tún bá ọkọ̀ lọ sí Onítṣà láàárọ̀. N kò sọ fún un.

Sọ́ńdè, 15 Jánúárì
Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ̀n, èmi ń làágùn.

Tọ́sìdeè, 26 Jánúárì
Oorun kò kùn mí láti ìjẹta. Ẹkún ṣáá. Ṣé bí aláboyún ṣe ń banú jẹ́ nìyí? Ìyá mi ì bá mọ̀ — ó ti pé ọdún kan tí a sin ín. Ilé yìí dákẹ́ jù. Mo fẹ́ ọmọ tí yóò fọ́ àwo mọ́ mi lọ́wọ́.

Mọ́ńdè, 6 Fẹ́búárì
Mo lọ bá Adéòkè nílé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ará ìlú wa. “Okun o, ẹ̀gbọ́n,” ó fẹ̀rín kí mi bí a ṣe ń kíra nílé. Ó rí pínnì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yẹ̀ mí wò. Kò sí oyún. Nǹkan oṣù ló ń dáwọ́ dúró.

Ó bi mí nípa oorun, nípa ìyá mi, nípa ọkọ tí kì í gbélé. Ó bi mí nípa Ayọ̀dèjì, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní lẹ́yìn ikú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni n kò fi lè dìde lórí ẹní. Ó ní ẹni tí irú ìbànújẹ́ yẹn bá ti mú rí, ó lè tún mú un lásìkò yìí, pàápàá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tí kò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí n má dá a gbé, kí n sọ fún ọkọ mi.

Kí ni n ó sọ?

Túsìdeè, 7 Fẹ́búárì
N kò jẹun.

Sátidé, 11 Fẹ́búárì
Baálé Odò dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò lè wojú rẹ̀. Ó ṣí àpótí ìrìn-àjò rẹ̀, ó mú fìlà ọmọ jòjòló kan jáde, funfun báláú. Onítṣà ló ti rà á. Ó ní òun ti rí pínnì náà létí ìró mi láàárọ̀ ọjọ́ tí òun ń lọ, òun kàn dákẹ́ ni — a kì í pariwo oyún.

A jọ sunkún. Àṣé èmi nìkan kọ́ ni mo ń retí rẹ̀.