Ìlà Kan Tí Mo Fi Kún Oríkì Ọmọ Mi

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Intánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa ní Douala lónìí. Àpótí funfun kékeré, iná mẹ́ta lójú rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá gbẹ́ ihò sí ògiri pálọ̀, ó ní ó parí, ó lọ. Ìjọba — ìyàwó mi Jọkẹ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ìjọba ni — ní nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé Ọmọ́lẹ́wà la ṣe gbà á. Ọmọ náà pé ọdún méjìlá. Mo ní kò burú, èmi ni màá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìjọba wò mí. Ó máa ń wò mí báyẹn.

Mo kọ òfin, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíìjì. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Kò sí lẹ́yìn aago mẹ́jọ. A kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ọmọ́lẹ́wà béèrè pé ta ni àjèjì. Mo ronú sí i. Mo ní ẹni tí kò bá mọ orúkọ tí à ń pè é nínú ilé, àjèjì nìyẹn. Àṣàkẹ́ ni à ń pè é nínú ilé. Ìdáhùn náà dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ kún òfin.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì wò nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà ń wẹ̀. Faransé ni gbogbo ẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì ẹ̀rín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ka ìjà òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí rúlà kan tó sọnù. Ó ku géèmù kan, èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé fún ẹranko. Mi ò ṣí i. Kí ni ẹranko fẹ́ fi ọmọ ṣe? Ojú tì mí díẹ̀. Màá tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlé

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní àdúgbò Deïdo. Èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni mò ń tọ́jú Wásáàpù ẹgbẹ́. A jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá níbẹ̀. Bí ọmọ ẹnì kan bá ṣe ọjọ́ ìbí, tàbí tó yege, ẹni náà á gbé fọ́tò síbẹ̀, á ki ọmọ náà. Níbi tí a wà yìí, ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti lè ki ọmọ kí ẹlòmíì sì mọ ohun tó ń sọ.

Bàbá Elkanah ki ọmọ-ọmọ ẹ̀ lánàá. Ìlà méjìlélógún. Lẹ́yìn ìpàdé ó gbá mi léjìká: "Akọ̀wé, tìrẹ dà? Àbí Faransé lo bí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ibẹ̀: ìlà méjì péré ni mo mọ̀ nínú oríkì ilé wa. Bàbá mi kú kí n tó béèrè. Kí n má purọ́ fún ìwé — ọdún mọ́kànlélógún la jọ gbé inú ilé kan, mi ò béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ ní Kamẹrúùnù. Ọmọ́lẹ́wà yan pẹ̀lú ilé-ìwé ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ funfun, orúkọ ilé-ìwé gàdàgbà láyà. Mo ya fọ́tò mẹ́rìnlélógún. Mo gbé èyí tó dára jù sójú ẹgbẹ́, mo kọ orúkọ ẹ̀ sí i, mo ki í. Ìlà méjì. Ó kúrú lójú. Mo bá fi ẹ̀kẹta kún un láti orí ara mi: Àṣàkẹ́, ọmọ a-sọ-ooru-dòtútù. Firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe. Ṣé irọ́ ni?

Mi ò gbé e sí Fesibúùkù o. Mo gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Ọkàn pupa mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lábẹ́ fọ́tò náà. Bàbá Elkanah pàtẹ́wọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Mo yí ọ̀rọ̀ ìwọlé intánẹ́ẹ̀tì padà, nítorí ààbò. Mo gbàgbé ohun tí mo yí i sí. Ọmọ́lẹ́wà bá mi tún un ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ti Bonapriso dé, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ń ro mí. À ń jẹun. Ọmọ́lẹ́wà béèrè ohun tó jẹ́: "Papa, c'est quoi, a-sọ-ooru-dòtútù?" Ó pè é bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Inú mi dùn. Ọmọ tí a ti ń fi ìbínú kọ́ ní Yorùbá látìgbà tó ti ń rá, òun fúnra ẹ̀ ló ń béèrè. Mo ṣàlàyé ooru, mo ṣàlàyé òtútù. Mo tiẹ̀ dìde dúró. Ìjọba ló béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ó ní Tonton Ọláòtán ló ń pe òun bẹ́ẹ̀.

A ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan tó ń jẹ́ Ọláòtán.

Inú géèmù ẹranko ni. Wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀. Orúkọ ẹ̀ gan-an ló fi ń ṣeré, Omolewa Douala, afọ́jú á rí i. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí ọkùnrin kan ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní ará ìlú Papa ni òun. Ó ń pè é ní Àṣàkẹ́. Ó mọ ilé-ìwé ẹ̀. Ó ní ìyá mi fi ẹrù rán òun láti ilé, ti Àṣàkẹ́ nìkan, kó wá gbà á níwájú ilé búrẹ́dì kan ní Akwa, Sátidé, aago mẹ́ta. Kó má sọ fún wa, kó lè yà wá lẹ́nu.

Bó sì ṣe ń rí nìyẹn. Bí gbogbo ẹrù wa ṣe ń dé láti ilé nìyẹn: ẹni tí a ò rí rí á gbé e wá, a máa lọ pàdé ẹ̀ létí títì. Nígbà ọdún Kérésì, Ọmọ́lẹ́wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo gba gàrí àti ẹja lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní.

Mo ní, ṣé mi ò ní kó má bá àjèjì sọ̀rọ̀ ni? Ó wo firíìjì. Ohùn ẹ̀ kéré. Ó ní ọkùnrin náà mọ orúkọ ilé òun. "C'est ta règle, Papa." Òfin mi ni, lóòótọ́.

Ìjọba di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní kò ṣe nǹkan burúkú kankan, ó káre tó béèrè. Èmi ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Ìlà yẹn ni mò ń rò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ̀dá ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló gbé e sí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ bá Steve, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi. "Papa Frigo, tiif man lef foot for ground, you wan sweep am?" Ó ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó ti ẹnu ọ̀nà géèmù mọ́ àwọn tí ọmọ náà kò mọ̀. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tì í. Ó rọrùn. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà, komisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi àti Ìjọba. Obìnrin ọlọ́pàá kan ló gba ẹjọ́ wa sílẹ̀, ó fara balẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ní fọ́tò ọmọ náà nínú aṣọ ilé-ìwé. Mo ní èmi. Ó kọ ọ́. Ó ní ta tún ni. Mo ní igba ó lé mẹ́tàlá èèyàn. Ó gbé bíìrò sílẹ̀, ó wò mí, ó tún gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Àwọn ọlọ́pàá ní ká má lọ sí ilé búrẹ́dì náà, iṣẹ́ tiwọn ni. Mo lọ.

Mo dúró lódìkejì títì láti aago méjì títí dé mẹ́rin. Ọlọ́pàá kò mú ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró, mo rò pé òun ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rìn lọ, mo rò pé ó ti rí mi ni. Bàbá Elkanah jáde nínú ilé búrẹ́dì náà, búrẹ́dì méjì lábíyá. "Akọ̀wé, kí lò ń ṣọ́?" Mo ní mò ń retí oníbàárà. Ó ní kí n bá òun kí Àṣàkẹ́.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Akwa ló ń gbé. Níbo ló fẹ́ kó ti ra búrẹ́dì? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè jẹun alẹ́. Sàsà lẹni tó lè pe orúkọ ọmọ mi lọ́sẹ̀ yìí kí n má fura sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Èrèlé

Mo ka àwọn inú ẹgbẹ́. Nínú igba ó lé mẹ́tàlá, mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo mọ ojú wọn. Àwọn yòókù, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n ní ọmọ ìlú làwọn. Mo ní ẹ káàbọ̀.

Mo bẹ Ọmọ́lẹ́wà. Mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiẹ̀. Ó ní kí n fi gbogbo èyí tí mo ti gbé síbẹ̀ han òun. A jókòó tì í. Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wà nínú bàsíà, ọmọ ọdún méjì, tó ń wẹ̀. Ó ní kí n yọ ọ́. Ó ti pẹ́ jù, Wásáàpù kò gbà mọ́. Lórí fóònù tèmi nìkan ló ti lè parẹ́. Ó béèrè pé àwọn yòókù ṣì ní in? Mo ní mi ò mọ̀. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Madam ọlọ́pàá ní ohun tí àwọn fẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn, mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́, Ìjọba gé e sí ìdajì. Mo fi ránṣẹ́ sójú ẹgbẹ́ ní aago méje alẹ́:

Èmi Àbídèmí, akọ̀wé yín. Ìlà méjì ni mo mọ̀ nínú oríkì ilé mi. Ẹ̀kẹta, èmi ni mo dá a sílẹ̀, ojú ibí yìí nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Ẹnì kan láàárín wa ti fi pe ọmọ mi jáde. Ọmọ náà kò lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbogbo wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Láti òní, ẹ jọ̀ọ́, kí a má gbé fọ́tò ọmọ síbí mọ́. Tèmi tó wà lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ pa á rẹ́.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọjá. Bàbá Elkanah wá pè mí. Ó ní, "Akọ̀wé, ìlà méjìlélógún tèmi yẹn. Mẹ́sàn-án níbẹ̀, èmi ni mo dá a." Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń yọ fọ́tò. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Bí èèyàn bá yọ ara ẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, èmi tí mò ń tọ́jú ẹ̀ ni wọ́n ń fi tó létí. Mo ti múra sílẹ̀ de orúkọ kan.

Mẹ́ta ló jáde.

Mo mọ méjì nínú wọn. Ọ̀kan ti jẹun nínú ilé yìí.

Mo ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sórí ìwé fún Madam ọlọ́pàá. Ìjọba ti wọ bàtà, ó ń dúró dè mí. Ọmọ́lẹ́wà jí, ó ka ìwé náà lórí tábìlì. Ó béèrè èwo ni Tonton nínú wọn. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Ó ní àwọn méjì yòókù wá ńkọ́, kí ni wọ́n ń sá fún.