Ayò Ládé Nínú Ẹ̀rọ Tí Kò Tó Páálí Ìṣáná

Èmi, Rùkáyátù Àjíkẹ́ Ọlábámijí, ọmọ Ìsẹ́yìn, opó Ládé Ọlábámijí, tí mo ń gbé ní Ìkòsí, Kẹ́tu, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí tí lọ́yà ń kọ. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Súmbọ̀, àkọ́bí mi, ni kó mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Ilé tí mo fi owó àlùbọ́sà kọ́ di ti Súmbọ̀ àti Ìdùnnú ọmọ rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tà á.

2. Òbúkọ mi di ti Stephanie, ayálégbé mi. Stephanie nìkan ni òbúkọ náà kì í kàn.

3. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Ládé fi ń kọ́ àwọn ọmọ Kẹ́tu ní títẹ̀wé ti kú. Kí Súmbọ̀ gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè é ní ilé aáyán. Ó jàre.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kú o! Ládé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ eré ayò kan sínú ẹ̀rọ náà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, mo sì mọ ayò. Ìdùnnú yọ eré náà kúrò nínú àwo ìpamọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ó kó o sínú ẹ̀rọ kan tí kò tó páálí ìṣáná, tí owó rẹ̀ kò tó ti agbọ̀n tòmátò kan ní Mile 12. Ẹ̀rọ kékeré yìí ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ gẹ́lẹ́; eré náà kò mọ̀ pé ilé òun ti wó! A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú ayò yọ, mo figbe ta. Àwọn ará ilé rò pé iná ló jó mi.

Ẹ̀rọ náà ló máa ń kọ́kọ́ ta. Ládé ní baálé ilé ló ń kọ́kọ́ ta. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe bínú kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mende nígbà kan. Ìdùnnú fẹ́ tún un ṣe, n kò gbà. Ìrẹ́jẹ Ládé ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

4. Nígbà tí Ládé kú, ìdí igi, ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni ẹbí fi pín ogún rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bọ́ sí ìdí tèmi. Olúwadàmọ́lá, ọmọ Clara, ìyàwó tí Ládé fẹ́ lé mi, ni bàbá rẹ̀ máa ń gbé lé itan ta ayò náà. Dàmọ́lá fẹ́ kọ̀ǹpútà náà, kò rí i gbà. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ilé mi mọ́. Àpótí kan kò sì ṣeé là sí méjì.

Ẹ wá wò ó, èyí ṣeé pín! Ìdùnnú ti ṣe òmíràn, ti ọwọ́ mi kò sì dín rárá. Mo há a fún Dàmọ́lá.

Lọ́yà ní ìhágún kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tó há a bá kú. Ìyẹn kan lọ́yà. Clara yóò mú ẹ̀dà ìwé yìí lọ fún ọmọ rẹ̀ lónìí. Kí Dàmọ́lá wá ní Sátidé, kó jókòó tì mí, ká jọ ta á. Bó bá jẹ́ ìsìnkú mi ló fẹ́ wá, kó jókòó sílé rẹ̀.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi síhìn-ín ní Ìkòsí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Rùkáyátù Àjíkẹ́ Ọlábámijí (àtàǹpàkò ọ̀tún)

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn:
Bridget Oyèṣọlá, akọ̀wé lọ́yà
Clara Ọlábámijí, orogún mi