Igbe Tí Mo Ké Lẹ́yìn Ilé Àdúrà

Odigbo, Ọjọ́bọ̀, oṣù Ọ̀wàrà, 1961

Àwọn ìyá àdúrà ni mo fẹ́ dẹ́rù bà lọ́sàn-án. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo ké bí ọmọ tuntun. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, òun tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó fò dìde. Iwájú búbà rẹ̀ rin gbingbin.

"Ẹ̀mí ọmọ ti dé o! Halelúyà!" ni àwọn ìyá àdúrà ń pariwo.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń kọjá lọ ní, "Ẹ̀mí wo? Bí etí abiyamọ bá ti gbọ́ igbe ọmọ, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ọmú, á sì máa dà. Ọmú ò mọ̀ pé ọmọ ti kú."

Ọmú ò mọ̀. Mo lè ṣe bí ewúrẹ́, bí lọ́rì Òrè, bí tíṣà tó lé mi kúrò níléèwé. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ ni mo...

Nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń retí ìgbátí. Orúkọ tó sọ mí nígbà tí a gbé e wọlé ló fi pè mí.

"Àwòko, ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ó fọwọ́ di àyà mú. "Tún un ké. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo la ẹnu. Ohùn kankan ò jáde.